Káràkátà àti Ibi Tí Agbára Àbújá Mọ

Ẹni tó bá ti dé Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn ti rí Cocoa House. Ọdún 1965 ni wọ́n parí ilé gogoro náà, owó kòkó ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ohun tí a kì í sábà rántí ni òfin tó jẹ́ kí owó náà wà lọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti ná. Láti 1947, bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló ń bójú tó kòkó gbogbo Nàìjíríà: ó ń gbà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ń tà á sí òkè òkun. Nígbà tó di 1954, òfin ìjọba tuntun pín agbára láàárín ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ẹkùn, wọ́n sì tú ètò bọ́ọ̀dù náà ká kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Bí kòkó ṣe bọ́ sọ́wọ́ bọ́ọ̀dù Ìwọ̀-Oòrùn nìyẹn, tí èrè rẹ̀ sì di ọ̀kan lára ohun tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbójú lé nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè.

Kò yẹ kí á fi apá kan ìtàn náà pamọ́. Iye tí bọ́ọ̀dù ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí kòkó ń tà lókè òkun, orí àgbẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ náà ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ìjọba tó ń ná owó ọ̀hún kò jìnnà sí àgbẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n wà, àgbẹ̀ Oǹdó àti ti Iléṣà wà lára àwọn tó ń dìbò yàn wọ́n. Ní 1977, ìjọba ológun àpapọ̀ dá bọ́ọ̀dù kòkó tuntun sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, agbára náà sì kúrò lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Ní 1986, nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé dé, wọ́n tú bọ́ọ̀dù yẹn náà ká. Àgbẹ̀ kò yí padà, igi kòkó kò yí padà. Ibi tí òfin gbé agbára sí ló yí padà, òun náà ló sì pinnu ẹni tí àgbẹ̀ lè bi léèrè.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyí: ní orílẹ̀-èdè tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ti jọ ń pín agbára, ta ló ni àṣẹ lórí rírà àti títà? Mo kà á sí ọ̀ràn pàtàkì, nítorí kò sí ẹni tí kì í rà, kò sì sí ẹni tí kì í tà.

Ìwé òfin tí à ń lò láti 1999 dáhùn ìbéèrè náà ní abala kẹrin rẹ̀ àti nínú àkójọ tó wà lẹ́yìn ìwé. Àkójọ kìíní dárúkọ àwọn nǹkan tí ilé aṣòfin àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n nígbà tí ìwé náà jáde: ọmọ ogun, owó Náírà, kọ́sítọ́ọ̀mù, ọkọ̀ òfuurufú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àkójọ kejì jẹ́ ti àwọn nǹkan tí Àbújá àti ìpínlẹ̀ lè jọ fọwọ́ sí. Bí òfin méjèèjì bá ta kora, ti Àbújá ni yóò lékè. Gbogbo ohun tó bá ṣẹ́kù, tí a kò dárúkọ rẹ̀ níbì kankan, ti ìpínlẹ̀ ni. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀pá ẹ̀yìn ètò náà. Nígbà tí ìwé òfin bá dákẹ́, ìpínlẹ̀ ló dákẹ́ fún. Àbújá kò gbọdọ̀ sọ pé, “Wọn kò sọ pé kí n má ṣe é.” Ó gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti fún un láṣẹ.

Ní ti káràkátà, àyè tí wọ́n ti fún un láṣẹ ni nọ́ńbà 62 nínú àkójọ kìíní. Ẹni tó bá kà á wàrà-wàrà yóò rí “òwò àti káràkátà” níbẹ̀rẹ̀, yóò sì pa ìwé dé pé gbogbo ọjà ti di ti Àbújá. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò dúró síbẹ̀. Ó ní “pàápàá jù lọ”, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn nǹkan náà lọ́kọ̀ọ̀kan: òwò láàárín Nàìjíríà àti ilẹ̀ òkèèrè, pẹ̀lú kíkó ọjà wọlé àti kíkó o jáde, òwò láàárín ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, dídá àjọ sílẹ̀ tí yóò máa ra irè oko fún títà sí ọjà àgbáyé, èyí tó jẹ́ ojúlówó ọmọ bọ́ọ̀dù kòkó, àyẹ̀wò irè oko tó ń jáde kúrò nílùú, àjọ tí yóò máa sọ bí ojúlówó ọjà ṣe gbọ́dọ̀ rí, ìdíyelé àwọn ọjà tí wọ́n bá kà sí kòṣeémánìí, àti fífi orúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Òwò tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tó sì parí sí Ọ̀yọ́ kò sí níbẹ̀.

Ṣé àìsí yẹn nítumọ̀? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dáhùn ní 1985, nínú ẹjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò mọ̀ sí Aberuagba. Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ṣe òfin owó orí ọjà títà ní 1982, àwọn oníṣòwò kan sì gbé e lọ sí kóòtù. Ìwé òfin 1979 ni wọ́n ń lò nígbà náà, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ lórí káràkátà kò sì yàtọ̀ sí ti òní. Àwọn adájọ́ ní bí ó bá jẹ́ pé gbogbo òwò ni ìwé òfin fẹ́ gbé fún ìjọba àpapọ̀, kò ní ìdí tí yóò fi máa ka ẹyọ-ẹyọ. Kíkà tó kà wọ́n fi hàn pé ibi tó mọ nìyẹn. Òwò tó ré ààlà ìpínlẹ̀ kọjá jẹ́ ti Àbújá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sínú ìpínlẹ̀ kan jẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà.

Síbẹ̀ Ògùn ló pàdánù ẹjọ́. Òfin rẹ̀ na ọwọ́ mú ọjà tó ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn wọlé, ìyẹn kò sì sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ìdájọ́ kan náà ló fún àwọn ìpínlẹ̀ ní ọjà abẹ́lé wọn tó sì tún fi ibi tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá hàn wọ́n. Mo fẹ́ràn ìdájọ́ náà fún ìdí yẹn gan-an.

Kí ló dé tí òwò láàárín ìpínlẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀? Ìtàn ilẹ̀ wa lè dá wa lóhùn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹrù tó bá ń ti etí òkun lọ sí Ìbàdàn ń kọjá lọ́wọ́ àwọn oníbodè Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú. Wọ́n ń gba owó bodè, bí ìjà bá sì dé, wọ́n á ti ọ̀nà pa. Alájàpá tí kò dá sí ìjà ẹnikẹ́ni ni yóò dúró pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà títì yìí wà lára àwíjàre àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n gbógun ti Ìjẹ̀bú ní 1892. Bí ìlú púpọ̀ bá jọ ń ná ọjà kan, tí kálukú sì lè dá ẹrù ẹnìkejì dúró, ọjà náà yóò kú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ojú ọ̀nà sọ́wọ́ ìjọba tí kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo.

Amẹ́ríkà ti rí irú èyí ṣáájú wa. Ìwé òfin wọn fún ìjọba àpapọ̀ ní àṣẹ lórí òwò láàárín àwọn ìpínlẹ̀, òwò pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, àti òwò pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀. Ní 1824, New York ti fún àwọn kan ní àṣẹ pé àwọn nìkan ni yóò máa fi ọkọ̀ ojú omi oní-èéfín ná omi rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ń ti New Jersey bọ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Adájọ́ àgbà John Marshall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé ìjọba àpapọ̀ ló lékè, omi sì ṣí. Ìdájọ́ yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Ẹ wo ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní 1942: àgbẹ̀ kan ní Ohio, Roscoe Filburn, ti gbin àlìkámà kọjá iye tí ìjọba àpapọ̀ ní kó gbìn. Ó ní àwọn ẹran òun àti ìdílé òun lòun gbin àlékún náà fún. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò kan iye tí àlìkámà ń tà káàkiri àwọn ìpínlẹ̀, nítorí náà ìjọba láṣẹ lórí rẹ̀. Àlìkámà tí kò dé ọjà di ọ̀rọ̀ òwò láàárín ìpínlẹ̀! Ó di 1995 kí àwọn adájọ́ wọn tó fi ẹsẹ̀ ààlà múlẹ̀ padà, nígbà tí wọ́n ní òfin àpapọ̀ tó de ìbọn gbígbé sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òwò rárá.

Àwọn tó kọ ìwé òfin wa ní 1979 kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan lára Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ní ti ọjà, àwọn adájọ́ wa kò gba ọ̀nà Filburn. Ìbéèrè tiwọn kì í ṣe bóyá òwò kan lè kan òmíràn níbì kan. Wọ́n ń béèrè ibi tí òwò náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ní tèmi, èyí sàn jù, nítorí pé ẹ̀wà tí mo bá rà ní Bódìjà lónìí yóò ṣáà kan iye tí ẹ̀wà ń tà ní Kánò lọ́nà kan ṣáá. Bí ìyẹn bá tó láti gbé àṣẹ fún Àbújá, kò ní sí ohun tí kò ní bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Àbújá kò sì jáwọ́. Ọgbọ́n tó ń lò ni pé yóò mú ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú àkójọ kìíní, yóò sì fi òfin sọ ọ́ di ńlá. Bí ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ṣe dé kóòtù nìyẹn. Ìwé òfin ní ilé aṣòfin àpapọ̀ lè dá àjọ sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ìwọlé-jáde àwọn tó ń rìnrìn-àjò afẹ́. Láti ibẹ̀, òfin àpapọ̀ fún àjọ rẹ̀ ní àṣẹ láti máa fi orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ àti láti máa sọ ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà, níbikíbi tó bá wà. Èkó ní òfin tirẹ̀: ìwé àṣẹ fún hòtẹ́ẹ̀lì, àti owó orí lórí yàrá tí àlejò sùn sí àti oúnjẹ tó jẹ níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ pe Èkó lẹ́jọ́ tààrà sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Nínú oṣù Keje 2013, àwọn adájọ́ dá Èkó láre. Wọ́n ní ìrìn àlejò kì í ṣe ibi tí àlejò sùn sí, àkójọ méjèèjì kò sì dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ, nítorí náà ti ìpínlẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n tún sọ ohun kan tó yẹ kí gbogbo aṣòfin há sórí: ilé aṣòfin àpapọ̀ kò lè fi òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe gbé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́.

Ẹjọ́ tẹ́tẹ́ gùn ju ìyẹn lọ. Òfin lọ́tìrì àpapọ̀ jáde ní 2005. Èkó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí kóòtù ní 2008, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ìdájọ́ kò jáde àfi ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2024. Ààrẹ mẹ́rin ló ti jókòó lórí àga láàárín ìgbà náà. Adájọ́ méje fi ohùn kan sọ pé ilé aṣòfin àpapọ̀ kò ní àṣẹ lórí tẹ́tẹ́, pé òfin 2005 náà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ ní ìpínlẹ̀ kankan, àfi ní olú-ìlú orílẹ̀-èdè nìkan. Inú mi dùn sí ìdájọ́ náà, àmọ́ ọdún mẹ́rìndínlógún pọ̀ jù. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọwọ́ méjì ni ẹni tó ń ṣe òwò náà ń bá pàdé: ti Àbújá àti ti ìpínlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni àwọn ìpínlẹ̀ ń jàre. Nínú oṣù Kìíní 2024, ilé ẹjọ́ kan náà ní ojú omi tó wà nínú ilẹ̀ wa wà lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀, kì í ṣe ti Èkó, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti kọ́kọ́ dá Èkó láre. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó gbé èrò ní Ìkòròdú tó sì já wọn sí Erékùṣù Èkó, tí kò kan ìpínlẹ̀ mìíràn rárá, ń ná omi tó jẹ́ ti Àbújá. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ìwé òfin lórí ojú omi yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí káràkátà, pé àwọn adájọ́ sì ní ohun tí wọ́n dì mú. Síbẹ̀ ó ṣòro fún mi láti rí ire tó wà níbẹ̀ fún èrò ọkọ̀.

Owó orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT ló nira jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìjọba ológun ló fi àṣẹ gbé e kalẹ̀ ní 1993, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 1994. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni tẹ́lẹ̀. Ó di 7.5 ní 2020. Àkójọ kìíní dárúkọ owó orí lórí owó tó ń wọlé àti èrè, kò sì dárúkọ owó orí lórí ohun tí a rà. Ẹ̀rí tí Ìpínlẹ̀ Rivers gbé lọ sí ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Port Harcourt nìyẹn, ilé ẹjọ́ náà sì gbè é ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 2021. Èkó náà ṣe òfin VAT tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà. Ṣáájú èyí, ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ nínú ẹjọ́ Èkó àti Eko Hotels pé ibi tí òfin VAT àpapọ̀ bá ti bo ilẹ̀, òfin owó orí ọjà ti Èkó kò lè tún dúró síbẹ̀. Àwọn olóṣèlú wá fi owó pẹ̀tù sí i. Òfin owó orí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí nínú oṣù Kẹfà 2025 dín ìpín ìjọba àpapọ̀ nínú VAT kù láti 15 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ìpínlẹ̀ di 55, ti ìjọba ìbílẹ̀ dúró sí 35. Ìpínlẹ̀ rí owó sí i, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n Àbújá ló ṣì ń gbà á, tó ń pín in. Ẹni tó ń pín in lónìí lè tún un pín lọ́la, ìbéèrè ẹni tí àṣẹ náà tọ́ sí gan-an sì wà níbi tó wà.

Ó yẹ kí á kọjú sí àwọn ìpínlẹ̀ náà, nítorí àwọn tó ń pariwo pé Àbújá ti kọjá ààyè rẹ̀ ń kọjá ààyè tiwọn lójoojúmọ́. Ẹ tẹ̀lé tírélà tòmátì láti Kánò dé Mile 12 ní Èkó. Yóò gba Kàdúná, yóò gba Niger, yóò gba Kwara, yóò gba Ọ̀yọ́, yóò gba Ògùn. Lójú ọ̀nà náà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ yìí àti ti ìpínlẹ̀ yẹn yóò na igi tàbí pákó tí wọ́n kan ìṣó mọ́ sí iwájú awakọ̀. Owó ìjáde, owó ìwọlé, owó ìdókọ̀sí fún ọkọ̀ tí kò dúró. Tòmátì kò ṣe é tọ́jú. Wákàtí tí awakọ̀ bá fi ń bẹ̀bẹ̀, ẹrù rẹ̀ ń jẹrà. Ẹni tó bá rà á ní Èkó ló ń san gbogbo rẹ̀. Ẹjọ́ Aberuagba ti dá irú èyí lẹ́bi láti 1985, ìjọba ológun sì tún ṣe òfin ní 1998 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ojú ọ̀nà láti gba owó orí. Owó bodè ni wọ́n ń gbà, lórí ọ̀nà tí ìwé òfin ti ní kó ṣí sílẹ̀. Gómìnà tó bá fẹ́ kí Àbújá bọ̀wọ̀ fún ààlà ọjà abẹ́lé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ìwé òfin fún ìjọba ìbílẹ̀ ní iṣẹ́ tó tó o ṣe nídìí òwò: dídá ọjà sílẹ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ṣọ́ọ̀bù, ilé búrẹ́dì, àti ìwé àṣẹ fún ẹni tó ń ta ọtí. Bí wọ́n bá ṣe ìwọ̀nyí bí ó ti yẹ, owó tó tọ́ yóò wọlé fún wọn láìdá ẹrù ẹnikẹ́ni dúró.

Bí ìwé òfin bá wá fi àṣẹ kan sí ibi tí kò yẹ ńkọ́? Ọ̀nà wà, ojútáyé sì ni. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àgbà àti ti ilé aṣojú-ṣòfin gbọ́dọ̀ gbà, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́rìnlélógún ó kéré tán tún gbà. Ó pẹ́, ó sì nira, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Tẹ́lẹ̀, ìpínlẹ̀ kò lè ṣòfin lórí iná mànàmáná níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá ti dé. Nínú oṣù Kẹta 2023, wọ́n yí ìyẹn padà, wọ́n sì yọ ọkọ̀ ojú irin náà kúrò nínú ohun tó jẹ́ ti Àbújá nìkan. Nígbà tó di 2024, àjọ àpapọ̀ tó ń bójú tó iná ti ń gbé iṣẹ́ náà lé Èkìtì àti Oǹdó lọ́wọ́. Ọ̀nà yìí kan náà ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn ìpínlẹ̀ tó wà létí omi gbà lórí ọ̀rọ̀ ojú omi: kí wọ́n gbé àtúnṣe lọ síwájú ilé aṣòfin, pé omi tí ọkọ̀ lè ná láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkúrò nínú ìpínlẹ̀ kan, ìpínlẹ̀ náà ni kó máa fún ọkọ̀ rẹ̀ ní ìwé àṣẹ.